Má tíì sanwó CLK yẹn: òrùlé àti omi ni kó o kọ́kọ́ wò

Ọ̀kun o, àbúrò mi. Mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa. O ní wọ́n fi Mercedes CLK 350 ọdún 2006 kan hàn ọ́ ní Àbújá, èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká, pé Ìsánlú ni wàá máa gbé e wá. Òrùlé náà ò ṣí lọ́jọ́ tó o lọ wò ó, ẹni tó ń tà á sì ní fíúùsì lásán ló jó. O fẹ́ mọ̀ bóyá kó o sanwó. Èsì tèmi ni pé kó o má tíì san kọ́bọ̀.

Mi ò ní kó o gbàgbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ o. CLK 320 tí òrùlé rẹ̀ ń ká ni èmi náà ń wà, ọ̀nà Kàbbà sí Lọ́kọ́jà la jọ ń rìn láti ọjọ́ pípẹ́, inú mi sì ń dùn sí i títí dòní. Àmọ́ ibi tí gbogbo wa ń wò tí a bá fẹ́ ra àlòkù kọ́ ni ewu rẹ̀ wà. Ẹ́ńjìnì la máa ń gbọ́. A ó ní kí wọ́n ṣíná sí i, a ó tẹ́tí, a ó ní ó ń dún dáadáa. Bẹ́ẹ̀ omi ló ń pa ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń ká. Ẹ́ńjìnì tó kú, wàá rí ẹni tó máa tú u ní Apo ní Àbújá tàbí ní Ìlọrin. Omi tó ti wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì dé ìdí wáyà ńkọ́? Lónìí iná ẹ̀yìn ò ní tàn, lọ́la gíláàsì ò ní wálẹ̀, lọ́túnla ọkọ̀ ò ní ṣíná mọ́, rẹwáyà á sì máa gbowó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ká ti ibi ọ̀rọ̀ fíúùsì yẹn bẹ̀rẹ̀. O lè mọ òótọ́ rẹ̀ níbẹ̀ láì náwó. Ṣí bùùtù. Wàá rí nǹkan kan tó pààlà sáàárín ibi tí ẹrù ń gbé àti ibi tí òrùlé máa ń ká sí. Bí ìpààlà yẹn ò bá wà ní àyè rẹ̀, tí kò há dáadáa, òrùlé CLK ò ní mira, bẹ́ẹ̀ náà ni ti SLK, Benz mìíràn tí òrùlé rẹ̀ ń ká. Fà á há, padà sínú ọkọ̀, ṣíná sí i, tẹ bọ́tìnnì. Bó bá ṣí, ó dáa. Bí kò bá ṣí, ní kí wọ́n pààrọ̀ fíúùsì náà lójú rẹ, torí owó fíúùsì ò tó nǹkan. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ tí owó rẹ̀ tó báyìí, tó ní fíúùsì ló jó, tí kò sì ra òmíràn kó o tó dé, ó mọ ohun tó ń bò.

Ohun tó sábà máa ń jẹ́ ni ọ́ìlì. Ẹ̀rọ kékeré kan nínú bùùtù ló ń ti ọ́ìlì gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí àwọn jáàkì kéékèèké tó ń gbé òrùlé. Rọ́bà tó ń dí inú jáàkì wọ̀nyí máa ń gan bó bá pẹ́, oòrùn ilẹ̀ wa sì ń mú un yá. Tèmi, ara dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn ni mo ti rí i: ẹ̀kán kan so rọ̀ níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò. Mo fi ìka nù ún, ó ń yọ̀, kò sì gbẹ lọ́wọ́ mi. Òkè dígí iwájú, níbi tí òrùlé ti ń há mọ́ ara ọkọ̀, ló ti ń jò wá. Nítorí náà fi ìka ra gbogbo àyíká ibẹ̀, wo aṣọ tó wà lókè orí awakọ̀ bóyá ó ti ní àbàwọ́n, kó o sì gbé kápẹ́ẹ̀tì bùùtù wo ìdí ẹ̀rọ náà. Wọ́n lè tú jáàkì kí wọ́n pààrọ̀ rọ́bà inú rẹ̀ nìkan, kò di dandan kó o ra tuntun. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì Benz ló mọ iṣẹ́ yìí. Wá ẹni tó ti ṣe é rí kó o tó sanwó ọkọ̀.

Bó bá wá ṣí, má fi ẹ̀ẹ̀kan mọ. Ẹ wà á lọ sójú ọ̀nà gbágungbàgun, kí ara rẹ̀ gbóná, kí ẹ tún ṣí i, kí ẹ tún pa á dé.

Ó wá kan omi gan-an. Ilẹ̀kùn CLK, ì báà jẹ́ èyí tó ń ká òrùlé tàbí kúpè (èyí tí òrùlé rẹ̀ kì í ká), kò ní férémù lókè. Tó o bá fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, gíláàsì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, kó sì gòkè padà wọ inú rọ́bà tó o bá ti pa á dé. Dúró kó o wò ó lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Èyí tí gíláàsì rẹ̀ ò bá sọ̀ ń ya rọ́bà lójoojúmọ́, ibẹ̀ sì ni òjò ń gbà wọlé. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì ni, gbé gíláàsì lọ sókè pátápátá, di bọ́tìnnì mú díẹ̀ sí i, ó máa ń rántí iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Lẹ́yìn náà yọ máàtì, kó o fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ kápẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn àga awakọ̀. Tẹ̀ ẹ́ gan-an, kó wọlé. Fóòmù abẹ́ rẹ̀ nípọn, òkè lè gbẹ kí abẹ́ ṣì máa fa omi. Gbóòórùn ọwọ́ rẹ. Wo irin tí àga ń yọ̀ lórí rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà. Ní apá òsì bùùtù, lẹ́yìn aṣọ ìbora, àpótí iná kan wà níbẹ̀ tó ń darí ohun gbogbo lẹ́yìn ọkọ̀. Bó o bá rí àwọ̀ ewé lẹ́nu wáyà ibẹ̀, omi ti débẹ̀ rí, kò sì sí ẹ̀dínwó tó tó láti mú ọ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ ló ti mu omi kí wọ́n tó dé etíkun wa. Ìjì Katrina ní 2005, Sandy ní 2012 àti Harvey ní 2017 ri ọkọ̀ láìmọye ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì máa ń ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo. Gba VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, kó o sanwó kékeré láti wo ìtàn rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmì 17 ló wà nínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ló ń sọ ọdún: 4 ni 2004, 6 ni 2006. Benz tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù ò rí bẹ́ẹ̀ o. Níbẹ̀, apá tí ọwọ́ ìdarí wà ni àmì kẹwàá ń sọ, 1 ni òsì, 2 ni ọ̀tún, torí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi 1 yẹn pe ọkọ̀ ní 2001.

Ti ẹ́ńjìnì ò ní gùn. Èyí tí wọ́n fi hàn ọ́ yẹn, ẹ́ńjìnì M272 ni. Àwọn tó jáde láàárín 2005 sí 2007 ní àbùkù kan tí gbogbo ayé mọ̀: irin eléyín tó wà lórí ọ̀pá tí wọ́n ń pè ní balance shaft (òun ló ń dín gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì kù) rọ̀ jù, ó máa ń jẹ. Kò sí bí wọ́n ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀ láì gbé ẹ́ńjìnì jáde. Ní kí ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ka Benz gan-an kà á fún ọ. Tó bá rí kóòdù 1200 tàbí 1208, máa bá tìrẹ lọ. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ CLK 320 ọdún 2004 tàbí 2005 ju 350 lọ. Agbára rẹ̀ kéré sí i, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì M112 rẹ̀ lágídí, kò sì ní wàhálà ọ̀pá yẹn. Púlọ̀ọ̀gì méjì méjì ló wà lórí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, 12 lápapọ̀, torí náà bí wọ́n bá ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ púlọ̀ọ̀gì, béèrè iye tí wọ́n rà. Wo púlì ńlá iwájú nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́; bó bá ń mì, rọ́bà inú rẹ̀ ti ń já.

Ohun tó tún ń ba Benz ìgbà yẹn mélòó kan jẹ́ ni rédíétọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tu ọ́ìlì jíà lára wà nínú rédíétọ̀ kan náà, bí ààlà àárín wọn bá jẹ, omi á wọ inú jíà. Ọ́ìlì náà á nípọn, á sì funfun bí òògì. Jíà 320 ò ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì nínú ihò rẹ̀, ìdérí lásán ni wàá bá níbẹ̀, mẹkáníìkì ló ń mú ọ̀pá tirẹ̀ wá. Ní kí tìrẹ mú un dání. Bó o bá rà á, pààrọ̀ rédíétọ̀ yẹn kó o tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ìwọ náà mọ ọ̀nà tiwa. Láti Lọ́kọ́jà wá sí Ọbàjànà dé Kàbbà, ọkọ̀ ńlá ló ń jẹ títì, àti láti Kàbbà gba Mọpà lọ sí Ìsánlú, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́ǹpù tirẹ̀. CLK 350 ń lo táyà 225/45 R17 níwájú, 245/40 R17 lẹ́yìn. Ìyẹn ni pé o ò lè gbé táyà iwájú sí ẹ̀yìn, etí táyà ẹ̀yìn sì tín-ín-rín débi pé kòtò kan tó láti tẹ rìímù. Bó bá bẹ́ ní Mọpà lálẹ́, má retí pé wàá rí òmíràn níbẹ̀. Èmi máa ń ra ọ̀kan ẹ̀yìn pamọ́ ní Àbújá nígbà tí owó bá wà. Wo àmì mẹ́rin tó wà létí táyà tí wọ́n fẹ́ fi ta ọkọ̀ fún ọ pẹ̀lú: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó dán dúdú lè ti gbó.

Àti pé nítorí ajínigbé, mi ò kì í ṣí òrùlé lójú ọ̀nà jíjìn, inú ìlú nìkan ni. Rò ó dáadáa bóyá ìgbádùn ìrọ̀lẹ́ Sátidé láàárín ìlú tó owó tó o fẹ́ ná. Fún èmi, ó tó.

Ibi tó o máa gbé e sí nílé ṣe pàtàkì ju bó o ṣe rò lọ. Ojú ihò kéékèèké wà lẹ́yìn, lápá méjèèjì, tí omi orí òrùlé ń gbà jáde, òmíràn tún wà níwájú lábẹ́ wáípà. Ewé máńgòrò á dí wọn, eruku ọyẹ́ á sì dì mọ́ ọn di amọ̀, omi á wá wá ọ̀nà mìíràn, inú ọkọ̀ ló sì máa gbà. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, mo máa ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀ láti inú kẹ́tùlù, kí n sì bẹ̀rẹ̀ wò ó bóyá ó ń jáde lábẹ́ ọkọ̀. Ní ìgbà kájú, má gbé e sábẹ́ igi rárá. Omi èso kájú tó bá kán sórí aṣọ òrùlé kì í ṣí mọ́.

Bí o bá ní àwọn àgbà tó o máa ń gbé lọ síbi òkú ṣíṣe àti sí ṣọ́ọ̀ṣì, ronú nípa wọn. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, ìyá àgbà tó ró ìró kò sì lè máa tẹ̀ kọjá lẹ́yìn àga iwájú kó tó jókòó.

Bó bá jẹ́ òrùlé tó ń ká ló wù ọ́, tí kì í ṣe orúkọ Benz, lọ wo Toyota Solara 2004 sí 2008. Gbogbo èyí tó ń ká nínú wọn, V6 onílítà 3.3 ni, ẹ́ńjìnì kan náà tó wà nínú Sienna 2004 sí 2006. Ta ni mẹkáníìkì ní Kàbbà tàbí Ẹ̀gbẹ̀ tí kò mọ Sienna? Bẹ́líìtì táímìn rẹ̀ ni kó o pààrọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí 145,000 kìlómítà ni wọ́n fún un, mítà àlòkù kò sì ṣeé gbára lé. Lexus SC 430 dára jù ú lọ, ẹ́ńjìnì LS 430 ló ní, ṣùgbọ́n irin ni òrùlé rẹ̀, bí ẹ̀yà rẹ̀ kan bá ṣẹ́, wíwá rẹ̀ á sú ọ.

Ti ìwé: gba ẹ̀rí owó kọ́sítọ́ọ̀mù, kí VIN orí rẹ̀ bá ti ara ọkọ̀ mu. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, torí náà bí wọ́n bá ní Kùtọ̀nú ló gbà wọlé lẹ́yìn ìgbà yẹn, fi í sílẹ̀ fún wọn. Kí o sì yí orúkọ padà sí tìrẹ kó o tó gbé e kúrò ní Àbújá.

Bó bá jẹ́ èmi ni, màá fi ìdámẹ́ta owó tí mo ní pamọ́ fún àtúnṣe, màá fi ìyókù wá 320 tí òrùlé rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ti Àbújá yẹn bá ṣì wà lọ́kàn rẹ, lọ ṣe ti ìpààlà bùùtù àti ti kápẹ́ẹ̀tì yẹn lọ́la, kó o sì kọ ohun tó o rí síbí. Má kọ VIN sí gbangba o. Fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, màá bá ọ wo ìtàn rẹ̀.