"Púlọ́ọ̀tì kan" kì í ṣe ìwọ̀n: ẹ béèrè iye mítà

Ẹ kú ìbéèrè o, àbúrò mi. Ẹ ní ejẹ́ǹtì kan mú yín lọ wo "fúùlù púlọ́ọ̀tì" ní Alápẹ̀rẹ̀, mílíọ̀nù 30 náírà. Ejẹ́ǹtì kejì fi ilẹ̀ mìíràn hàn yín ní Ògùdù, òun náà ní "púlọ́ọ̀tì kan" ni, mílíọ̀nù 25. Ọkọ yín fẹ́ kí ẹ mú ti mílíọ̀nù 25 torí pé ó rọjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ojú mi ti rí i.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń tọ́jú owó kí n tó ra ilẹ̀ ní apá Ìpájà lọ́dún 2011. Ọmọ onílẹ̀ tó tà á fún mi fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n lójú mi, ó ní fíìtì 60 ni iwájú, 120 ni ó wọnú lọ. Èmi àti àbúrò ìyá mi la jọ wà níbẹ̀. A rí igi tí wọ́n rì mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọkàn wa balẹ̀. Rìsíìtì tí wọ́n já fún mi kọ "púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan". Yàtọ̀ sí iye owó àti déètì, kò sí nọ́ńbà kankan lórí rẹ̀.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni mo tó rí owó gbé awọnlẹ̀ wá. Iwájú ilẹ̀ jẹ́ mítà 15.2. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 13.6. Gígùn rẹ̀ jẹ́ 30.5. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ju sikúwéà mítà 439 lọ. Fíìtì 60 lọ́nà 120 tí mo sanwó rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 669. Mo padà lọ bá ẹbí náà. Olórí ẹbí fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé 50 lọ́nà 100 ni púlọ́ọ̀tì ń jẹ́ ní àdúgbò àwọn, àti pé kò sẹ́ni tó kọ 60 lọ́nà 120 fún mi. Mo yọ rìsíìtì mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Òótọ́ ló sọ, kò sí níbẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn títí dòní.

Ẹ wá wò ó, ọ̀rọ̀ púlọ́ọ̀tì yìí, orúkọ lásán ni. Fíìtì 60 lọ́nà 120 ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ l'Ékòó, 669 nìyẹn. Àwọn tó ń fi mítà gé ilẹ̀ máa ń gé e ní 18 lọ́nà 36, ìyẹn 648. Àwọn ẹ̀stéètì kan ń ta 600, àwọn mìíràn 500. Fíìtì 50 lọ́nà 100 jẹ́ 464 àti díẹ̀. Gbogbo wọn ni ejẹ́ǹtì ń pè ní púlọ́ọ̀tì kan. Bí ẹnìkan bá wá ní háàfù púlọ́ọ̀tì lòun ń tà, ẹ bi í pé háàfù èwo nínú wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ yí i fúnra yín, fíìtì kan jẹ́ mítà 0.3048. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbí, torí mo ti rí àwọn tó kàwé dáadáa tó ṣi í. Wọ́n á mú 7,200, ìyẹn 60 lọ́nà 120, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po 0.3048, wọ́n á rí 2,194, èyí tó ju ìlàjì éékà lọ! Àwa tá à ń tẹ̀wé mọ ìdí rẹ̀: bí o bá sọ ìbú káàdì di méjì, tí o sọ òòró rẹ̀ náà di méjì, páálí mẹ́rin ni yóò jẹ, kì í ṣe méjì. Ìbú àti òòró ni ẹ gbọ́dọ̀ yí méjèèjì. Tó bá jẹ́ sikúwéà fíìtì lẹ ní lọ́wọ́, ẹ fi 10.764 pín in, ó parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù ni mo ń bọ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò sì sọ ọ́ fún mi kó tó bọ́. Mo rò pé bí ilẹ̀ mi ṣe dín ní ìdámẹ́ta, ilé mi náà yóò dín ní ìdámẹ́ta. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán ilé mi sọ pé mo gbọ́dọ̀ fi mítà 6 sílẹ̀ níwájú, mítà 3 lẹ́yìn àti mítà 3 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àyè tí wọ́n ní ká fi sílẹ̀ yẹn kì í dín torí pé ilẹ̀ ẹ kéré. Ká ní 60 lọ́nà 120 ni, ǹ bá ní bí sikúwéà mítà 340 láti kọ́lé sí. Nínú ilẹ̀ tí mo bá lọ́wọ́, bí 180 ló ṣẹ́ kù, díẹ̀ ló fi ju ìdajì lọ. Fúláàtì mẹ́rin tí mo ti ń lá lálàá rẹ̀ di méjì. Owó ilé tí mo fọkàn sí pé yóò máa bọ́ mi lọ́jọ́ ogbó dín ní ìdajì. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ilẹ̀, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí pláànù ilé ní àdúgbò náà pé mítà mélòó ni ẹ máa fi sílẹ̀ ní òpópónà yẹn, kí ẹ yọ ọ́ kúrò, kí ẹ wo ohun tó kù. Ohun tó kù yẹn lẹ ń rà ní ti gidi.

Ẹ tún wo ẹ̀yìn ilẹ̀. Bí iwájú tèmi ṣe fẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, ojú lásán kò lè rí i. Ẹ má kàn fi iwájú lọ́nà gígùn ṣe ìṣirò. Ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wá wọ̀n láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́. Láìsí ìwọ̀n ìdábùú yẹn, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin nìkan kò lè sọ bí ilẹ̀ ṣe tóbi tó, torí ilẹ̀ lè wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má sì yí padà.

Ti sọ́fè, ìyẹn ìwé tí awọnlẹ̀ ya ilẹ̀ sí: orí ìwé awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ ni ẹ ti máa rí nọ́ńbà pílà (òpó kékeré tí awọnlẹ̀ ń rì mọ́ igun ilẹ̀) ti igun kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n láti pílà dé pílà, àti iye sikúwéà mítà. Ẹ kó o lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, ìyẹn olórí awọnlẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ní Aláúsá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Kí ẹ sì rí pílà wọ̀nyẹn fúnra yín lórí ilẹ̀.

Ẹ tún béèrè nípa fúláàtì, bóyá ẹ lè fi owó ilẹ̀ ra ọ̀kan ní Yábàá. Ọmọbìnrin mi àti ọkọ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2019, lẹ́bàá Sábó. Wọ́n ní sikúwéà mítà 110 ni. Mo mú téèpù lọ, mo wọn yàrá kọ̀ọ̀kan, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú. 88 ni mo rí. Ẹni tó ń tà á ṣàlàyé pé láti ẹ̀yìn ògiri ìta lòun ti wọ̀n, òun ka bákónì mọ́ ọn, òun sì pín àtẹ̀gùn gbogbo ilé fún fúláàtì kọ̀ọ̀kan. Irọ́ kọ́ ló pa, ṣùgbọ́n 88 ni àyè tí wọn yóò máa gbé, orí rẹ̀ la sì ti nájà. Bí ó bá jẹ́ pé orí àwòrán lẹ ti ń ra tiyín, ẹ béèrè bóyá láti àárín ògiri dé àárín ògiri ni wọ́n kà á. Yàrá fíìtì 12 lọ́nà 12 tí wọ́n kà báyẹn, tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 9, fíìtì 11 àti ínǹṣì 3 ni yóò kù nínú rẹ̀, wọn ò tíì rẹ́ ògiri o. Sikúwéà fíìtì 144 ti di 126 àti àbọ̀.

Ó wá ku ilẹ̀ yín méjèèjì. Bí ti Alápẹ̀rẹ̀ bá pé 669 lóòótọ́, sikúwéà mítà kan ń lọ bí 44,800 náírà. Bí ti Ògùdù bá jẹ́ 50 lọ́nà 100, bí 53,800 ni, èyí tí ọkọ yín ní ó rọjú ló wọ́n jù. Ẹ yá téèpù oní-mítà 50 lọ́wọ́ bíríkìlà kan, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ lọ lọ́jọ́ Sátidé láìmú ejẹ́ǹtì dání. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin àti ìdábùú kan fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá síbí, máa bá yín ṣírò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.