Ṣé pàǹtí ni RNA (ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń kọ láti ara DNA) tí kì í di purotéènì nínú ìfun?

Rárá o, ẹni tó béèrè láti Mọ́kọ́lá. Awọ inú ìfun tí àmàlà àná gbà kọjá, bí ọjọ́ 3 sí 5 ló fi ń pààrọ̀ ara rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó ní àmì Lgr5, nísàlẹ̀ àwọn kòtò wẹ́wẹ́ ibẹ̀, ló ń bí tuntun, àwọn RNA yìí sì wà lára ohun tó ń darí iṣẹ́ náà.

MicroRNA, èyí tó kúrú nínú wọn, bíi lẹ́tà 22 péré, máa ń lẹ̀ mọ́ RNA tó gbé iṣẹ́ jíìnì, á pa á lẹ́nu mọ́.

Èyí tó gùn, tí wọ́n ń pè ní lncRNA, ló wù mí jù. Nínú eku, ọ̀kan lára wọn, lncGata6, ń fa àkójọ purotéènì NURF wá sẹ́nu ọ̀nà jíìnì Ehf, kí jíìnì náà lè ṣiṣẹ́. Ehf á mú Lgr4 àti Lgr5, àwọn purotéènì tó ń gba ìránṣẹ́ lára sẹ́ẹ̀lì, pọ̀ sí i, ìránṣẹ́ Wnt, tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ pé kó máa sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, á sì wọlé dáadáa. Yọ lncGata6 kúrò, sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ò ní lè sọ ara rẹ̀ dọ̀tun bó ṣe yẹ. Bó bá sì pọ̀ jù, kókó jẹjẹrẹ ló ń bọ́.