Ṣé oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ lè ráyè ṣe ìwádìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Háúsì jọ́ọ̀bù, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí dókítà tuntun ń ṣe lábẹ́ àwọn ọ̀gá, ni mo ń ṣe lọ́wọ́. Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ wù mí, ìwádìí náà kò sì kúrò lọ́kàn mi. Àwọn tó ṣáájú mi ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, kí n mú ọ̀kan. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, eku kan ṣoṣo ni, bó bá jẹ́ pé inú wọ́ọ̀dù lo ti ń mú ìbéèrè rẹ.

Wo Ìbàdàn. Ọdún 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti Amẹ́ríkà dé. Òun àti Adelola Adeloye, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ bíi tirẹ̀, ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú kókó rírọ̀ lókè orí, níbi tí egungun agbárí ọmọ tuntun kò tíì pàdé gan-an. Ẹni tó bá rí i lè rò pé ọpọlọ ló yọ síta, ẹ̀rù á sì bà á láti fọwọ́ kàn án. Àwọn ń yọ ọ́, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Lọ́dún 1971, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé abẹ́ awọ orí ni kókó náà mọ, kò kan ọpọlọ rárá. Kò sí láàbù olówó ńlá kankan níbẹ̀ o. Àwọn aláìsàn tiwọn náà ni.

Nígbà tí Benjamin Warf, oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, wà ní Mbale, lórílẹ̀-èdè Uganda, ó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí omi pọ̀ jù nínú orí wọn. Túùbù tó ń fa omi náà lọ sínú ikùn lè dí nígbàkigbà, bí ilé ìwòsàn bá sì jìnnà, ó lè di ikú. Ìdí nìyẹn tó fi ń lu ọ̀nà fún omi náà nínú ọpọlọ gan-an, tó sì ń jó ẹran tó ń mú omi jáde. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017 fi ọ̀nà méjèèjì wéra lára ọmọ 100. Lẹ́yìn ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ gbòógì nínú bí ọpọlọ wọn ṣe ń dàgbà. Èmi fẹ́ràn irú àbájáde bẹ́ẹ̀, torí kò pọ́n ẹnikẹ́ni lé.

Àkókò ló le. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà kì í dúró kí o kọ̀wé tán. Fásitì ló gba púpọ̀ nínú wa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, ìwé tí a bá sì tẹ̀ jáde ni wọ́n fi ń gbé wa ga. Ìyẹn ló ń mú káwọn kan forúkọ sí ìwádìí tí wọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú ẹ̀. Má bá wọn dé bẹ̀. Mú ìbéèrè kan, kí o sì bá a kalẹ́.

Kí rẹ́sídẹ́ǹsì, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó ń sọ dókítà di oníṣẹ́ abẹ, tó parí, wàá kọ dissertation, ìyẹn ìwé ìwádìí tìrẹ. Orí àìsàn tí wọ́ọ̀dù yín ń rí lójoojúmọ́ ni kí o kọ ọ́ lé. Ní báyìí, bẹ kọ́ńsọ́tàǹtì rẹ kó jẹ́ kí o bá wọn ṣe àkójọ kan nípa àwọn aláìsàn wọn, ṣùgbọ́n má ṣí fáìlì ẹnikẹ́ni kí ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí tó fọwọ́ sí i. Kọ́kọ́ sọ fún ẹbí aláìsàn pé bí wọ́n bá kọ̀, ìtọ́jú wọn ò ní yí padà. Bó bá sì ṣeé ṣe, kí ẹni tí kò ní ṣe iṣẹ́ abẹ náà gba ìbuwọ́lù wọn, torí ó máa ń ṣòro fún wọn láti sọ pé rárá fún dókítà tó máa la orí ọmọ wọn.