Ràkúnmí àti aṣálẹ̀ tí òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí

Ẹ̀yin ará wa ní Ìkẹ́rẹ́ tí ẹ ń bèèrè bóyá kí ẹ fagi lé ìrìn ràkúnmí yín ní gúúsù Mòrókò nítorí òjò tó rọ̀ níbẹ̀: ẹ má fagi lé e, ọ̀nà ni kí ẹ yí padà.

Iyanrìn kọ́ ni wàhálà. Òkìtì iyanrìn tí òjò pa máa ń le, ìrìn orí rẹ̀ tiẹ̀ dẹrùn jù. Amọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ràkúnmí ò ní pátákò líle bíi ti màlúù. Ìka méjì tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tó sì rọ̀, ló fi ń tẹlẹ̀, ìyẹn kì í di amọ̀ tútù mú. Bó bá yọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì lè ya sọ́tùn-ún sósì, kí iṣan itan já, kó má sì dìde mọ́. Ẹni tó mọ ọ̀nà oko wa nígbà òjò, á ti yé e. Ojú adágún gbígbẹ ló burú jù: òkè rẹ̀ á gbẹ, á sán, abẹ́ rẹ̀ á sì jẹ́ ẹrẹ̀. Adágún Iriqui ní gúúsù Mòrókò, tó ti gbẹ fún nǹkan bí 50 ọdún tún kún lẹ́yìn òjò oṣù Kẹsàn-án 2024.

Kí afinimọ̀nà máa fi ọ̀pá gún ilẹ̀ níwájú. Bí omi bá sun jáde, ẹ gba ẹ̀gbẹ́. Bí kò bá sí ẹ̀gbẹ́, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ tú okùn tó so àwọn ràkúnmí pọ̀, kí ẹ fà wọ́n kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ṣubú lórí okùn á wọ́ èkejì lulẹ̀.

Ní Èkìtì, kí àgbàrá tó dé bá ọ, òjò á ti pa ọ́. Ní Mòrókò, orí òkè Atlas tó jìnnà sí yín ni òjò ti lè rọ̀, kí àgbàrá ya bá yín nínú oòrùn. Ẹ má pàgọ́ sójú odò gbígbẹ, bó ti wù kí ibòji rẹ̀ dùn tó.

Ẹ má torí omi kòtò dín omi yín kù o: lítà 4 sí 5 fún ẹnì kan lóòjọ́. Ẹran ti tọ̀ sínú ti kòtò. Bó bá di dandan, ẹ sè é kó hó. Ràkúnmí tó rí ewé tútù lè má wá omi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àmọ́ á máa dúró jẹun lójú ọ̀nà, ẹ fi wákàtí kún ìrìn. Ẹ mú àwọ̀n ẹ̀fọn. Ẹ sá aṣọ abẹ́ gàárì kó gbẹ kí ẹ tó dì í, torí èyí tó tutù máa ń bó ràkúnmí lẹ́yìn.

Bí ràkúnmí bá ń dìde, ẹ̀yìn ló ń kọ́kọ́ gbé. Bó bá ń kúnlẹ̀, iwájú ló ń kọ́kọ́ ká. Nígbà méjèèjì, ẹ fara sẹ́yìn, ẹ di irin gàárì mú.