Èsì: Iṣẹ́ máákẹ́tà ní báńkì ńlá

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní báńkì ńlá kan l'Ékòó fẹ́ gbà yín ṣe máákẹ́tà, ẹ sì fẹ́ mọ bí inú ibẹ̀ ṣe ń rí. Mo ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún ọdún mẹ́rin ní báńkì kan.

Owó oṣù kì í pẹ́. Tágẹ́ẹ̀tì ló ń dá èèyàn lágara: iye owó tí ẹ gbọ́dọ̀ rí i pé àwọn oníbàárà wá fi pamọ́ sí báńkì. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá wa á mú wa dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa ka iye tí kálukú mú wá. Abiyamọ kan sunkún níwájú gbogbo wa lọ́jọ́ kan, kò sẹ́ni tó lè la ẹnu sọ̀rọ̀. Ìtìjú yẹn ló lé mi kúrò. Ọ̀gá ẹ̀ka mìíràn tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, nítorí náà ẹ wá òṣìṣẹ́ ẹ̀ka tí wọ́n fẹ́ gbé yín lọ gan-an, kí ẹ bi í.

Ẹ wò ó bóyá báńkì fúnra rẹ̀ ló gbà yín, àbí ilé-iṣẹ́ alágbàtà tó ń bá báńkì gba òṣìṣẹ́. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ san ó kéré tán ìdá 10 nínú 100 owó oṣù, kí òṣìṣẹ́ san ìdá 8. Ẹ máa yẹ àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì yín wò lóṣooṣù. Oṣù márùn-ún ni wọ́n yọ tèmi tí kò débẹ̀.