Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ọmọ Ìkòròdú àti Oyè D.O. ti Amẹ́ríkà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọbìnrin mi ń múra WAEC àti JAMB, iṣẹ́ dókítà ló sì wù ú. Ajẹ́ńtì kan níbí sọ fún wa pé àwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà máa ń gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama sí oyè àkọ́kọ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò fi gba oyè D.O. lẹ́yìn ọdún méje. Ẹ̀gbọ́n mi ní iṣẹ́ teguntegun lásán ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ta ni ká gbà gbọ́?
Bàbá ọmọ mẹ́ta, Ìgbógbó, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ẹ̀gbọ́n yín lóhùn. Dókítà pọ́ńbélé ni ẹni tó gba D.O. (Doctor of Osteopathic Medicine) ní Amẹ́ríkà. Ní gbogbo ìpínlẹ̀ 50 tó wà níbẹ̀, ó lè kọ oògùn fún aláìsàn, ó sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ, bíi ti ẹni tó gba M.D., oyè dókítà tó wọ́pọ̀ jù níbẹ̀, gan-an. Andrew Taylor Still ló dá ilé-ẹ̀kọ́ wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Kirksville, ní ìpínlẹ̀ Missouri, lọ́dún 1892. Lórí ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí gbogbo dókítà ń kọ́, wọ́n tún máa ń lo nǹkan bíi wákàtí 200 láti kọ́ ìtọ́jú àfọwọ́ṣe: akẹ́kọ̀ọ́ kan á dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi ìka wá ibi tí iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ ti le. Ibi tó ti jọ iṣẹ́ teguntegun kò ju ibẹ̀ lọ, teguntegun tó sì mọṣẹ́ kò ní ka ìfiwéra náà sí èébú.

Ṣùgbọ́n bí ajẹ́ńtì yín bá yí ohùn padà tó ní kí ọmọ gba ìlú Gẹ̀ẹ́sì lọ, ẹ fura. Ẹni tí wọ́n ń pè ní osteopath lọ́hùn-ún kì í ṣe dókítà, oyè rẹ̀ kò sì fún un láṣẹ àtikọ oògùn.

Òótọ́ ni pé ètò àpapọ̀ náà wà. Ọdún mẹ́rin fún oyè àkọ́kọ́ àti mẹ́rin fún ìṣègùn ló wọ́pọ̀, àmọ́ yunifásítì NYIT ní New York ní ètò ọlọ́dún méje, LECOM, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan ní Pennsylvania, náà sì ń bá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe irú rẹ̀. Ohun tí àwọn ajẹ́ńtì kì í sọ ni pé àyè tí wọ́n fi pa mọ́ fún ọmọ ní májẹ̀mú: bí máàkì rẹ̀ bá wálẹ̀, àyè náà ti lọ nìyẹn, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan sì ṣì máa ní kó jókòó ṣe MCAT, ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ọdún méje náà, yóò tún lo ó kéré tán ọdún mẹ́ta ní ilé ìwòsàn lábẹ́ àwọn àgbà dókítà kó tó lè dá dúró.

Ibi tí bàtà ti ń ta ni lẹ́sẹ̀ jù ni ìwé ìlú àti owó. Púpọ̀ nínú àwọn ètò àpapọ̀ yìí jẹ́ ti ọmọ onílùú àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú nìkan. Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ wọn, èyí tí àwọn ọmọ wọn fi ń kàwé, kò kan akẹ́kọ̀ọ́ tó fi físà wọlé, nítorí náà ẹ̀yin lẹ máa san gbogbo rẹ̀, ní dọ́là.

Bí ọmọ yín kò bá ní ìwé ìlú Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn tiwa ni pé kó fi ìṣègùn ní LASU ṣe àṣàyàn àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB. Ọdún mẹ́fà ni MBBS, oyè dókítà ti ilé wa, láti girama ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́, Ìkẹjà níhìn-ín sì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ gbìyànjú ti òkè òkun, ẹ ní kí ajẹ́ńtì dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kan pàtó, kí ẹ̀yin fúnra yín sì kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ń gba ọmọ Nàìjíríà sí ètò náà. Ẹ kọ̀wé sí MDCN náà, àjọ tó ń fún dókítà níwèé àṣẹ ní Nàìjíríà, nípa oyè yẹn, nítorí pé wọ́n sábà máa ń ní kí ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lókè òkun yege ìdánwò wọn kó tó lè tọ́jú aláìsàn nílé. Kí èsì méjèèjì tẹ̀ yín lọ́wọ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀.