Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ìrẹsì Kérésìmesì kì í ṣe owó iṣẹ́

Ìbéèrè: Mo ń rán aṣọ àdìrẹ tà ní Ìkòròdú, mo sì jẹ́ Kristẹni. Mo ní aránṣọ mẹ́rin àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Oníbàárà mi kan ní ìlú òyìnbó fẹ́ kí n fi hàn pé òwò aláìrẹ́nijẹ, ìyẹn fair trade, ni mò ń ṣe. Mo ń san ìdámẹ́wàá, mo sì máa ń fún gbogbo wọn ní ìrẹsì ní Kérésìmesì. Ẹnì kan ní òun lè bá mi gba ìwé ẹ̀rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì bí mo bá sanwó. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni náà. Àjọ WFTO, ìyẹn àjọ òwò aláìrẹ́nijẹ lágbàáyé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, máa ń yẹ gbogbo iṣẹ́ ẹni wò lórí ìlànà mẹ́wàá, àyẹ̀wò fún àmì Fairtrade tí ẹ ń rí lára aṣọ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti oko òwú. Kò sí alágbàtà tó lè bá yín ra èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ohun tó ká mi lára jù ni ohun tí ẹ kò sọ. Ẹ ka ìdámẹ́wàá, ẹ ka ìrẹsì, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ iye tí aránṣọ yín ń gbà. Báyìí ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà àwọn oníṣòwò onígbàgbọ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ mi ṣe rí, nítorí wọ́n rò pé ìtọrẹ àánú ni òwò aláìrẹ́nijẹ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀bùn wà ní ìkáwọ́ ẹni tó ń fún ni, ó lè fún ni lónìí kó má fún ni lọ́la. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ ti di gbèsè lọ́rùn yín láti ìgbà tí aránṣọ ti parí aṣọ náà, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi owó tó jẹ ènìyàn ta onítọ̀hún lọ́rẹ.

Òfin Mósè nínú Diutarónómì 24:15 pàṣẹ pé kí a san owó alágbàṣe kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé tálákà ni, ó sì ti gbé ọkàn lé e. Kò béèrè bóyá ọ̀gá rẹ̀ lawọ́. Àwọn tí Jésù bá wí nínú Mátíù 23:23 kò jẹ ìdámẹ́wàá, àní wọ́n san ti ewébẹ̀ pàápàá. Òdodo ni wọ́n pa tì. Àwọn kan á ní ará ìjọ kan náà ni àwọn, pé a kì í bá ará ẹni ṣírò. Lábánì pàápàá sọ fún Jákọ́bù pé kò yẹ kó sin òun lásán torí pé ó jẹ́ ìbátan òun, ó ní kó dárúkọ owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìrẹ́jẹ Lábánì ni pé ó ń yí owó náà padà lẹ́yìn àdéhùn, mo sì mọ ìsọ̀ aránṣọ tí irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀ bí oníbàárà bá ti yọ nínú owó.

Ní 1946, Edna Ruth Byler, obìnrin ìjọ Mennonite ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àwọn obìnrin Puerto Rico fún àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ Ten Thousand Villages, tó ń ta iṣẹ́ ọwọ́ lọ́nà òwò aláìrẹ́nijẹ, ti ṣẹ̀. Ọjà ló wá fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kì í ṣe àánú.

Nítorí náà, ẹ mú bíírò. Láti 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà jẹ́ 70,000 náírà. Lóòótọ́, òfin náà kò de iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní tẹ́ oníbàárà yín lọ́rùn. Bí ẹ bá ń san 2,500 náírà lórí kaba kan, tí aránṣọ sì lè rán 24 lóṣù láìṣe àìsùn, 60,000 ló ń mú lọ sílé. Kò tíì tó, ká má tíì sọ owó ọkọ̀ láti Ìgbógbó dé Sábọ̀. Owó iṣẹ́ tó tó ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ẹ tó ro owó aṣọ, òwú, epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ìsọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti iye tí oníbàárà fẹ́ san, kí ẹ wá fi ìyókù há aránṣọ.

Ní ti àwọn ọmọ iṣẹ́, ẹ kọ ọjọ́ tí wọn yóò gba ìyọ̀ǹda sílẹ̀, bí wọ́n bá sì rán èyí tí ẹ tà, ẹ san nǹkan fún wọn lórí rẹ̀. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ tèmi, n kì í ṣe agbẹjọ́rò. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn èyíkéyìí, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kà á.

Ẹ kọ̀wé sí oníbàárà yín pé ẹ kò tíì ní ìwé ẹ̀rí kankan, kí ẹ sì fi àwòrán ìwé owó iṣẹ́ tí àwọn aránṣọ fọwọ́ sí ránṣẹ́. Bí iye tó wà níbẹ̀ bá ń tì yín lójú, ẹ fi kún un láti oṣù yìí, kí ẹ sì sọ fún un pé ìsinsìnyí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.